Kí ni òdòdó tó wà lára ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin Jàpáánì túmọ̀ sí?

Ẹnìkan fi àwòrán ìbọn kúkúrú kan ránṣẹ́, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Jàpáánì ń lò láyé ìjọhun. Ó ní lórí irin ibi tí ọta ń wọ̀, ó jọ pé òdòdó kan wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi fáìlì ha á. Kí ni òdòdó náà, kí ló sì dé tí wọ́n fi ha á?

Òdòdó kiku ni. Ewé rẹ̀ jẹ́ 16, gbogbo wọn yọ láti àárín bí ìtànṣán oòrùn. Àmì ọba Jàpáánì ni, ó sì ti wà lára ohun ìjà tipẹ́ kí ìbọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọba Go-Toba, tó gorí ìtẹ́ ní 1183, fẹ́ràn kiku débi pé ó ń fín in sára idà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rọ. Ní 1869, ìjọba Ọba Meiji pa á láṣẹ pé ẹlẹ́wé 16 di ti ọba nìkan. Ìbọn tó bá ní i lára, ìbọn ọba ni. Ọmọ ogun tó gbé e dání kàn ń bá ọba tọ́jú rẹ̀ ni.

Orúkọ ìbọn yìí pàápàá, ìgbà ọba ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kọ sábẹ́ òdòdó: ẹẹ́rin, ẹẹ́rin, irú, tí wọ́n ń pè ní yon-yon-shiki. Ọdún kẹrìnlélógójì ìgbà Meiji nìyẹn. 1868 ni ọdún kìíní, nítorí náà 1911 ni 44. Èyí tí wọ́n wò ṣe é, irú 38, ti 1905 ni.

Ẹ tún wo abẹ́ àgbá rẹ̀. Irin ṣóńṣó gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká sẹ́yìn. Bí ẹlẹ́ṣin bá bọ́ sílẹ̀ láti fẹsẹ̀ jà, kò ní máa wá ọ̀bẹ nínú àkọ̀. Á kàn yí irin náà síwájú, ó di pé ó tì. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu inú àgbá, abala méjì ni, inú igi ìdí ìbọn ni wọ́n kó o sí. Ẹni tó ronú iṣẹ́ yìí mọ ìnira orí ẹṣin.

Híha tí ẹ rí, nígbà tí ìbọn bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọba ni. Èyí tí wọ́n bá fi fún ilé-ìwé láti kọ́ ọmọ, wọ́n lè lu àmì mìíràn lé òdòdó rẹ̀. Nígbà tí Jàpáánì túúbá ní 1945, wọ́n ha ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn kí àmì ọba má bàa bá wọn dé ọwọ́ ọ̀tá. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ṣì pé, lọ́pọ̀ ìgbà ojú ogun ni wọ́n ti gbà á.

Nínú àwòrán yín, ṣóńṣó ewé méjì ṣì hàn lápá ọ̀tún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín tún òdòdó náà fín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un.