Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé DCNO (Air) Ló Ń Pàṣẹ Ogun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí Ogun Àgbáyé Kejì. Fídíò kan sọ pé DCNO (Air), ìyẹn Deputy Chief of Naval Operations, igbákejì olórí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ bàálù, ni olórí gbogbo bàálù ológun ojú omi Amẹ́ríkà, pé òun ló kó ọkọ̀ ogun wọnú ìjì ní oṣù Kejìlá 1944. Ibo ni kí n fi í sí nínú àtẹ àṣẹ ogun mi?

Ìdáhùn: Ẹ má fi í síbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń gbé fídíò yìí wá bá mi ti pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á gbọ́.

DCNO (Air) kò ní ọkọ̀ kankan tó lè pàṣẹ fún lójú ogun. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 1943 ni wọ́n dá ipò náà sílẹ̀ ní Washington. Iṣẹ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni pé kí bàálù, awakọ̀, mẹkáníìkì àti ẹ̀yà ara bàálù ti wà ní sẹpẹ́ kí àwọn tó ń jà tó béèrè wọn. Ìjà ní Pàsífíìkì ńkọ́? Ádímírà King, olórí àgbà ọmọ ogun ojú omi, ń pàṣẹ fún Nimitz, ọ̀gá ogun ojú omi ní Pàsífíìkì, Nimitz ń pàṣẹ fún Halsey tàbí Spruance tó ń darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun, àwọn yẹn ló wá ń pàṣẹ fún ọ̀gá àwọn ọkọ̀ tó ń gbé bàálù.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé jagunjagun gidi ni àwọn tó jókòó sórí àga náà. John S. McCain, bàbá bàbá sẹ́nétọ̀ tó bá Obama du ipò ààrẹ ní 2008, ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ó kúrò ní oṣù Kẹjọ 1944, ó gba ojú òkun lọ, ó sì di ọ̀gá Task Force 38, ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń gbé bàálù lábẹ́ Halsey, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá. Lóòótọ́ ló wà lójú omi nígbà tí ọkọ̀ Hull, Monaghan àti Spence rì nínú ìjì ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n Halsey ló ń darí gbogbo ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà, Aubrey Fitch ló sì jẹ́ DCNO (Air) lọ́jọ́ yẹn. Ní ti Mitscher, tó gba ipò náà lẹ́yìn Fitch, ojú ogun ló ti bọ̀ wá sórí àga ní oṣù Keje 1945.

Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ BuAer, ẹ̀ka bàálù tó ti wà láti 1921. Ìṣètò, òṣìṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ awakọ̀ bọ́ sọ́wọ́ DCNO (Air); iṣẹ́ ẹnjiníà àti kọngílá kù sọ́wọ́ BuAer. Bọ́ǹbù àti tọ̀pídò tún wà lọ́dọ̀ Bureau of Ordnance, ẹ̀ka ohun ìjà. Ẹ wo ètò tí ìgbìmọ̀ tí Ádímírà Radford darí gbé kalẹ̀ ní 1944: kí bàálù tuntun lọ sójú ogun, kí èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ padà wálé fún àtúnṣe, kí wọ́n fi kọ́ awakọ̀, kí wọ́n sì kó èyí tó bá ti gbó dànù. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà gan-an nìyẹn.

Nínú àtẹ yín, ẹ kọ King sókè pẹ̀lú ipò rẹ̀ méjèèjì. Láti COMINCH, ipò ọ̀gá àgbà gbogbo ọkọ̀ ogun, ẹ fa ìlà ogun lọ sọ́dọ̀ Nimitz. Láti CNO (Chief of Naval Operations), ipò olórí ọ́fíìsì àgbà ní Washington, ẹ fa òmíràn gba ọ̀dọ̀ igbákejì rẹ̀, Horne, dé ọ̀dọ̀ DCNO (Air). Bí ẹ bá rí àmì Op-05 lórí lẹ́tà, ọ́fíìsì DCNO (Air) ló ti wá. Àmì Aer jẹ́ ti BuAer. Títí dé ìparí ogun ní 1945 nìkan ni ohun tí mo sọ yìí mọ o. Ẹ wo déètì àti ìbuwọ́lù ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.