Ìwé Wà Lórí Pẹpẹ, Òǹkàwé Ò Rí I

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bójú tó yàrá ìkàwé àdúgbò wa ní Ajárá, Badagry. Nọ́ńbà Dewey, ètò tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí, la fi to ìwé. Àwọn ìwé Ifá wà ní 133.3, ìwé èdè Ògù sì wà láàárín ìwé Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká pa Dewey tì. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì pa á tì. Àdírẹ́sì lásán ni nọ́ńbà. Ti àwọn ìwé yín ló ṣì. Àwọn tó ń fi káàdì woṣẹ́ ló ń gbé 133.3. Ẹ̀sìn ni Ifá, ẹ gbé e lọ sí 299.68333, ilé ẹ̀sìn Yorùbá. Ilé náà há, a ò ní purọ́: láti 1876 tí ètò yìí ti jáde ni Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristẹni ti gba 220 títí dé 289, tí wọ́n sì rún ẹ̀sìn gbogbo ayé yòókù mọ́ 290 sí 299.

Ẹnìkan ti ja ìjà yìí ṣáájú yín. Dorothy Porter, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yunifásítì Howard, ní Washington, lọ́dún 1930, rí i pé ewì ni aláwọ̀ dúdú kọ o, ìtàn ni o, 325 tàbí 326 ni àwọn ilé-ìkàwé ń jù ú sí: ọ̀rọ̀ àmúnisìn àti ọ̀rọ̀ oko ẹrú. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ewì lọ sáàárín ewì, ó gbé orin lọ sáàárín orin. Láàárín 1962 sí 1964, ó wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún National Library.

Bó ṣe ṣe é ni kí ẹ ṣe é. Ẹ yọ ìwé Ògù kúrò ní 496.333, nítorí èdè Yorùbá ló ni ibẹ̀. Fọ̀n àti Ewé ni Ògù bá tan. Ẹ fún un ní pẹpẹ tirẹ̀. Lórí káàdì kátálọ́ọ̀gì, "Ògù" ni kó ṣáájú, bí àwọn tó ni èdè ṣe ń pe ara wọn, kí "Ègùn" tẹ̀ lé e. Bí àkọlé ìwé àtijọ́ kan bá bu èèyàn kù, ẹ má pa àkọlé náà rẹ́, ẹ̀rí ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fi ń júwe ìwé náà nìkan ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì kọ déètì àti orúkọ ẹni tó yí i sẹ́yìn káàdì.

Bí kátálọ́ọ̀gì yín bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ìwákiri ló máa ń bàjẹ́ jù. Ẹnìkan á kọ́kọ́ tẹ "ẹ", á wá fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíì á tẹ "é", á wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì á fi igi kékeré sísàlẹ̀ dípò ẹyọ àmì. Lójú tiwa, lẹ́tà kan náà ni. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́, ẹni tó bá wá "ẹ̀sìn" sì lè bá òfo pàdé. Ẹ ṣe òpó (column) méjì fún àkọlé: ọ̀kan pẹ̀lú gbogbo àmì, ìkejì láìní àmì rárá, bíi "esin ibile". Kí ìwákiri máa wo méjèèjì. Ẹ fi àkọtọ́ tó wà ṣáájú ti 1974 kún òpó kejì: aiye, enia, nwon.

ÌBÉÈRÈ: Ẹbí wa ní Badagry fẹ́ mọ bí bàbá àgbà wa ṣe jẹ oyè láyé àwọn Òyìnbó. Ẹni tá a rán lọ sí Ìbàdàn ní òun ò rí nǹkan kan.

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé orúkọ ìdílé ló ń wá. National Archives, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kì í to ìwé lórúkọ ìdílé. Ọ́fíìsì tó kọ ìwé ni wọ́n fi ń tò ó. Badagry bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1863. Kó béèrè BADADIV, fáìlì ọ́fíìsì Badagry fúnra rẹ̀, àti COMCOL, ti Kọmíṣọ́nnà Kólónì Èkó. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society, ẹ̀ka Yorùbá, wà ní CMS (Y). Ìwé atọ́nà, tó to àwọn fáìlì àti nọ́ńbà wọn, ni kó kọ́kọ́ gbà, kó fara balẹ̀ kà á, kó kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ kó tó ní kí wọ́n gbé ohunkóhun wá.

Kó mú orúkọ àtijọ́ dání. "Popo" ni àwọn míṣọ́nnárì sábà máa ń pe Ògù. Akọ̀wé sì máa ń kọ orúkọ èèyàn bó ṣe dún sí i létí, nítorí náà ẹ fún un ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ bàbá. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà lẹ ń wá, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ilé-ẹjọ́ ni kó yẹ̀ wò. Ọkùnrin ló kún inú fáìlì oyè. Pẹ́ńsù ni kó mú lọ, kì í ṣe bírò. Bí wọ́n bá gbà kó ya fọ́tò, èèpo fáìlì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà, torí ojú ìwé tí kò ní nọ́ńbà kò ṣeé tún padà wá.

ÌBÉÈRÈ: Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé wa. Báwo ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ṣe máa wọlé?

ÌDÁHÙN: Òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà ṣe; ó ti pé láti oṣù kìíní 2024. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní 15 cm, 45 cm ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12: ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín gbọ́dọ̀ gùn ní mítà 5.4, kó fẹ̀ tó 90 cm, kí 150 cm tó tẹ́jú wà lókè níwájú ilẹ̀kùn. Bí àyè ò bá tó, ẹ ṣẹ́ ẹ po láàárín, ẹ má gé e kúrú. Bí ẹ bá gé e kúrú, á ga jù, kẹ̀kẹ́ á sì gbé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. Kí sìmẹ́ńtì rẹ̀ rí ṣákaṣàka nítorí òjò. Kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ wọn àlàfo àárín pẹpẹ ìwé yín náà: bí kò bá tó 90 cm, ẹ kọ́kọ́ sún àwọn pẹpẹ náà.