Ẹ Bi Wá: Mazda MX-5 Àtijọ́, Ọ́ìlì Tó Ń Jò àti Omi Tó Ń Jẹ Irin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. MX-5 ọdún 1990 ni mò ń wà, ọkọ̀ Mazda kékeré tí rúùfù rẹ̀ ń ká, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó wá sí Ìlú Ọba láti Japan pẹ̀lú orúkọ Eunos Roadster. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Mẹkáníìkì ní ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) ẹ̀yìn kíráńkì, irin tí písítìnì ń yí, ló ti jẹ, pé àfi kí a sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí, òkè ni ọ́ìlì náà ti ń wá. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn orí ẹ́ńjìnnì, níbi tó kọjú sí inú ọkọ̀, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí káàmù, irin tó ń ṣí fáfù, yí dé. Rọ́bà roboto kan ló dí ìdí rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, ooru á sọ rọ́bà náà di líle bí ike, ọ́ìlì á máa yọ́ jáde, á ṣàn gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ sórí gíábọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan á ní síìlì ni.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì mọ́ pẹ̀lú oògùn tó ń bó gírísì. Ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wò ó. Bí ìdí sẹ́ńsọ̀ bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ ti rí i. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ wo igun ẹ̀yìn ìdérí káàmù; ibẹ̀ náà máa ń jò bí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti gbó. Àfi tí òkè bá gbẹ tónítóní, tí ìsàlẹ̀ sì ń rin, ni kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ síìlì gbọ́.

Láti pààrọ̀ rọ́bà náà, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan tó kọjá lára sẹ́ńsọ̀ bọ́ sára ẹ́ńjìnnì, nítorí bí ẹ bá ṣe yí sẹ́ńsọ̀ ni àkókò tí plọ́ọ̀gì ń tanná ń yí. Bóòtì kan ṣoṣo ló dì í mú, sípánà 12 ló ń tú u. Àyè ibẹ̀ há gan-an, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ fa sẹ́ńsọ̀ jáde, ẹ má yí ẹ́ńjìnnì rárá nígbà tó bá wà níta. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì dá ìlà padà sí ojú ìlà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà so ihò tí wọ́n kọ TEN sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ GND sí nínú àpótí kékeré DIAGNOSIS tó wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì, ẹ pa gbogbo iná àti fáànù, kí ẹ wá fi iná tímìnì (tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń wo àkókò iná plọ́ọ̀gì) wò ó lórí plọ́ọ̀gì iwájú: dígírì 10 ló yẹ kó hàn ṣáájú ìgbà tí písítìnì dé òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní nǹkan bí 850 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìbéèrè: Èmi náà ní ti 1990. Mo fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì tímìnì, èyí tó so kíráńkì mọ́ káàmù, nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń dẹ́rù bà mí pé kíráńkì rẹ̀ ní imú (orí iwájú rẹ̀) kúkúrú. (Òǹkàwé kan, Manchester)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ó sì tọ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tú nǹkan kan. Ẹ wo púlì iwájú: bí ojú ihò gbọọrọ rẹ̀ bá jẹ́ 4, onímú kúkúrú ni, bí ó bá jẹ́ 8, onímú gígùn ni. Láti 1989 títí wọ inú 1991 ni ti kúkúrú. Ibi tí gíà eléyín tó ń yí bẹ́líìtì jókòó sí lórí imú náà kò gùn tó, bóòtì àárín nìkan ló sì ń fún un pọ̀. Bí bóòtì yẹn bá dẹ̀, gíà á máa mì, á máa jẹ kọ́kọ́rọ́ irin tó dì í mú àti ojúhò tó wọ̀. Agbára ọkọ̀ á máa lọ sílẹ̀, púlì á sì máa jó.

Nítorí náà bóòtì tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn bí a ṣe fún bóòtì le tó, dè é: 108 sí 118 Nm fún onímú kúkúrú, 157 sí 167 Nm fún onímú gígùn. Gíà 5 ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹnì kan sì tẹ bíréèkì. Bí ojúhò bá ti jẹ díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àti gíà eléyín tuntun pẹ̀lú Loctite 660 (gọ́ọ̀mù irin) ti gba ọ̀pọ̀ kíráńkì là.

Ní ti bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, eyín 19 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì I àti E lórí gíà káàmù méjèèjì. Ẹ yí kíráńkì sí ọwọ́ ọ̀tún ní ìgbà kan àti 5/6, ẹ dẹ bóòtì tẹ́ńṣọ̀nà (ohun tó ń fa bẹ́líìtì le) kí sípíríìngì fà á, ẹ dè é padà ní 38 sí 52 Nm, kí ẹ tún yí i ní ìgbà méjì gbáko, kí ẹ sì ka eyín náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bẹ́líìtì yìí kọ́ ló ń yí pọ́ǹpù omi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni pọ́ǹpù wà, ẹ pa wọ́n pọ̀ pààrọ̀, pẹ̀lú síìlì káàmù àti ti iwájú kíráńkì. Máìlì 60,000 ni àkókò rẹ̀. Bó bá sì já lójú ọ̀nà, fáfù kò ní tẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yìí.

Ìbéèrè: Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àga mi máa ń rin bí òjò bá rọ̀, bẹ́ẹ̀ rúùfù kò ya. (Òǹkàwé kan, Birmingham)

Ìdáhùn: Ihò omi ló dí. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn àga níbi tí rúùfù ń ká sí. Ewé àti erùpẹ̀ ń kún inú wọn. Ẹ bu omi ààbọ̀ ife sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó jáde lábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn, láìpẹ́. Bí kò bá jáde, ẹ ti okùn ike tí wọ́n fi ń gé koríko bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sí i, páìpù inú lè yọ kúrò láyè rẹ̀, ìyẹn á sì burú ju dídí lọ.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí o. Inú irin ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni omi náà ń wọ̀, inú sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀dà bá máa wú níta, irin ti lọ. Àyẹ̀wò MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ní Ìlú Ọba, kì í gba irin jíjẹ tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí bẹ́líìtì àga so mọ́, wẹ́dà sì gbọ́dọ̀ jó o yíká láìdá ojú kan sí. Tí ẹ bá ti la ihò náà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fọ́n oògùn tó ń dènà ìpẹtà, bíi Waxoyl tàbí Dinitrol, sínú irin náà láti ojú ihò tí wọ́n fi rọ́bà dí.