Omi Tó Mọ́ Lójú Kò Tíì Mọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ìlú kékeré kan ní Yàgbà ni tiwa, a tó ogójì ilé. Odò tó gba ẹ̀yìn ìlú wa kọjá ń lọ bọ́ sínú odò Kampe. A fẹ́ dáwó jọ kọ́ séptíìkì táǹkì ńlá kan fún omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí omi tó bá ń yọ nínú rẹ̀ gba páìpù lọ sódò, nítorí pé gaara ló máa ń mọ́. Oníṣòwò kan ní bí a bá ń da ìyẹ̀fun òun sí i, kò ní kún láéláé. Báwo ni kí táǹkì náà ṣe tóbi tó?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. N kò tíì ní sọ bí yóò ṣe tóbi tó, nítorí pé ibi tí ẹ fẹ́ da omi rẹ̀ sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Séptíìkì táǹkì kì í fọ omi mọ́. Ó ń dá a dúró ni, kí ohun tó wúwo lè rọ̀ sísàlẹ̀, kí ọ̀rá léfòó, kí omi àárín sì jáde. Ohun tó jẹ́ kó mọ́ lójú nìyẹn. Àwọn kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù àti kọ́lẹ́rà kéré débi pé púpọ̀ nínú wọn ń bá omi náà jáde. Nínú 100 mílílítà omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú táǹkì, kòkòrò inú ìgbẹ́ sábà máa ń lé ní mílíọ̀nù kan. Nínú ìwọ̀n omi mímu kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí a rí ẹyọ kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, tí odò yín fà, kí ni yóò bu omi là á? Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ń fi omi yẹn fọ ẹ̀fọ́, wọ́n sì sé odò Kampe fúnra rẹ̀ ní ìlú tó ń jẹ́ Omi fún ìbomirin oko.

Ilẹ̀ ló ń sẹ́ omi náà, bí ó bá rọra gba inú iyẹ̀pẹ̀ tó gbẹ, tó sì ń mí, kọjá. Àwa tí a wà lórí àpáta ni kí ó ṣọ́ra jù. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń yangàn pé láti ìgbà tí àwọn ti gbẹ́ sọ́kàwéè, kòtò tí omi táǹkì ń gbà wọ ilẹ̀, títí tó fi kan òkúta, kò kún rí. Omi náà kò pòórá: ó ti gba ojú òkúta tó sán lọ sínú kànga ẹlòmíràn, láìsí iyẹ̀pẹ̀ kankan tó sẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, nígbà tí omi ilẹ̀ bá sún mọ́ òkè, ẹ gbẹ́ kòtò ìdánwò tó jìn tó mítà méjì, kí ẹ wò ó bóyá òkúta tàbí omi ni ẹ máa kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ rọ omi kún un, kí ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún rọ omi sí i, kí ẹ fi rúlà wọn bí ó ṣe fà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá gbẹ kíá, tàbí tí kò kúrò lójú kan, ibẹ̀ kò dára.

Ohun tí èmi yóò yàn ni táǹkì kékeré fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan, tí omi wọn yóò gba inú ibùsùn òkúta wẹ́wẹ́ tí a gbin koríko àbàtà sí lórí, kí ó tó wọ ilẹ̀ níbi tó jìnnà sí odò. Wọ́n máa ń sọ pé 30 mítà ló yẹ kó wà láàárín ibi tí omi náà ti ń wọ ilẹ̀ àti kànga; lórí àpáta, ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí kànga wà lókè.

Ní ti ìyẹ̀fun, ẹ má fowó yín ṣòfò. Kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ ti wà nínú ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ táǹkì kì í tán. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, dandan ni kí ọkọ̀ wá fà á. Ẹ fi owó ìyẹ̀fun náà pamọ́ fún un.

N kò tíì dé ilẹ̀ yín, nítorí náà ẹ má fi lẹ́tà yìí nìkan kọ́lé. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ni kó wá wò ó, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó àyíká ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ tó ra páìpù kankan.