"Kò sí wàhálà, mà": kí ni kí máníjà ṣe bí òṣìṣẹ́ kì í bá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un?

Ìbéèrè: Èmi ni máníjà ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn, òṣìṣẹ́ 24 ló wà lábẹ́ mi. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa ń pè wọ́n jọ, tí mo ń béèrè bóyá ìṣòro wà. Ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀: "Kò sí wàhálà, mà." Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun dẹnu kọlẹ̀ lóru Fráídè. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ti ń pariwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ọmọkùnrin méjì tó mọṣẹ́ jù ti lọ láì dágbére. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wá ní mi ò kì í tẹ́tí sí àwọn èèyàn mi. Ṣé bí mo ṣe ń béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tó ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ béèrè lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. "Kò sí wàhálà, mà" kì í ṣe ìròyìn, ìkíni ni. Bí ẹ bá bi èèyàn pé "Ṣé dáadáa ni?", ẹni tí ara ń ro gan-an á ní "A dúpẹ́." Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún yín ní Mọ́ńdè-Mọ́ńdè.

Ẹ fi ara yín sí ipò wọn ná. Ọmọ ogún ọdún tó ń gbé páànù búrẹ́dì, wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í já àgbà nírọ́ láwùjọ. Tó bá dìde láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ń pariwo, ó ti fẹjọ́ fóòmánù sùn nìyẹn, fóòmánù sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Abẹ́ fóòmánù yìí kan náà ló sì máa ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo ń kọ èyí, tó bá jẹ́ èmi ni, màá panu mọ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣẹlẹ̀ nínú bàálù rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù Boeing 747 méjì, ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú KLM àti ti Pan Am, forí gbárí lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Sípéènì. Èèyàn 583 ló kú. Kùrukùru bolẹ̀, wọn ò rí ara wọn. Ẹnjiníà inú bàálù KLM béèrè bóyá bàálù kejì ò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń dá àwọn awakọ̀ yòókù lẹ́kọ̀ọ́, fi ìdánilójú dáhùn pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹnjiníà yẹn sọ̀rọ̀ o. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó sọ ọ́ di ìbéèrè, bí ọmọ abẹ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀; ìkìlọ̀ tó wà nínú ìbéèrè yẹn ni ọ̀gá ò gbọ́. Lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, pe àwọn onímọ̀ jọ ní 1979, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú United Airlines sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní 1981 pé kí ọ̀gá máa wádìí lẹ́nu ọmọ abẹ́, kí ọmọ abẹ́ náà sì máa sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Nítorí náà, ẹ fi ìpàdé Mọ́ńdè sílẹ̀ fún ìkéde. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn èèyàn náà níbi tí wọ́n wà. Ẹ dé ibẹ̀ lásìkò tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì ìkẹyìn jáde, tí ara ti ń silẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kí fóònù yín wà nínú báàgì. Ẹ má béèrè bóyá ìṣòro wà. Ẹ ní: "Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe báyìí tí kò ṣe lóṣù tó kọjá?" Ìyẹn ní ìdáhùn, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ó le, mo mọ̀. Àwa ọ̀gá kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kíá la ti bá ẹni tó ń ronú parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti 1928, ilé iṣẹ́ Western Electric, tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tó lé ní 20,000 lẹ́nu wò ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago l'Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dání. Wọ́n rí i pé ohun tó ń dun òṣìṣẹ́ kì í sí nínú àkọsílẹ̀ náà, ni wọ́n bá gbé e tì, wọ́n ní kí kálukú sọ tinú rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ wá ń ju wákàtí kan lọ. Tiyín ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá mú ìròyìn burúkú wá. Nígbà tí mo jẹ́ máníjà nílé iṣẹ́ oníke kan n'Ìkẹjà, ọmọ tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ wá bá mi pé ọjà ń dín. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni: "Kí ló dé tóò tètè sọ?" Bíi ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó tún wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ mi láìdáa, ó kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fáwọn yòókù ni. "O ṣeun tóo sọ fún mi" ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Tí ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ lọ bínú nílé.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un: "Tó bá yé mi dáadáa, o ní ariwo yẹn máa ń pọ̀ tí ìyẹ̀fun bá ti kún?" Á tún un ṣe níbi tí ẹ ti ṣì í gbọ́. Kẹ́ ẹ sì fún un lésì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá. Títẹ́tí sí i ò ní kẹ́ ẹ gbà. Tí owó oṣù ló ń béèrè tí owó ò sì sí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú. Àìlésì ló ń mú kí wọ́n lọ láì dágbére.

Ẹ ṣọ́ra fún olófòófó o. Bí ẹ bá ti ń jókòó bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ èèyàn, ẹ dá a padà sórí iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn gidi, ẹ gbọ́ ti ẹnì kejì kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan. Agbẹ́jọ́ẹnìkandájọ́ ni wọ́n ń pè ní òṣìkà èèyàn. Fóòmánù náà, ẹ bá òun alára sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má rò pé ẹ ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ńkọ́? Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà, ẹ má sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dágbére. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ì bá fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú bírò àti ìwé dání, kẹ́ ẹ má sì gbèjà ara yín títí tí wọ́n á fi pa fóònù.