Béèrè CC50 kí o tó fọwọ́ kan fluorine

Àbúrò mi, o ní o ti ṣe èròjà tuntun méjìlá, pé ọ̀kan nínú wọn ń dá HIV dúró nínú sẹ́ẹ̀lì MT-4 (sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a fi ń dán oògùn HIV wò), EC50 rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń dín HIV kù dé ìdajì, sì jẹ́ 0.8 micromolar. O wá ń béèrè ibi tó yẹ kí o fi átọ́ọ̀mù fluorine sí lára òrùka átọ́ọ̀mù rẹ̀. O kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi sì já: CC50, ìyẹn ìwọ̀n tó ń pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì, dà?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi nìyí. Láàbù tí a fi èròjà mi ránṣẹ́ sí kàn díwọ̀n p24 nìkan ni, ìyẹn purotéènì inú HIV, wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mo yọ̀. Mo ṣe mọ́kànlélọ́gbọ̀n mìíràn tó jọ ọ́, oṣù mẹ́jọ gbáko, mo ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì ń kú, wọ́n ní àyẹ̀wò yẹn kò sí nínú ohun tí a sanwó fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè wá yẹ iṣẹ́ wa wò ní kí n máa bá a lọ, pé nọ́ńbà náà dára. Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa sẹ́ẹ̀lì! Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe MTT, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè. Ìwọ̀n tó ń dá HIV dúró àti ìwọ̀n tó ń pa sẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò lè bí HIV, ìdí nìyẹn tí p24 fi wálẹ̀. Èròjà mi kò bá HIV jà rí. Ilé tí HIV wọ̀ sí ló ń dáná sun. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nítorí náà, fi EC50 pín CC50. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 3 lo rí, fi í sílẹ̀. Fi AZT tàbí nevirapine, oògùn HIV tí a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, sínú àwo kan náà, kí o lè mọ̀ bóyá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ tọ̀nà. Kí DMSO, omi tí a fi ń yọ́ èròjà, dọ́gba níbi gbogbo, kí HPLC, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìmọ́ èròjà wò, fi hàn pé ó mọ́ dé 95% ó kéré tán, o ti mọ ìyẹn.

Má sì da àwọn mọ́kànlá yòókù nù o. Torí jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe ṣe AZT ní 1964, kò ṣiṣẹ́ fún un, ó sì di oògùn HIV àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987.

Bí ó bá jẹ́ reverse transcriptase, ẹ́ńsáìmù tí HIV fi ń sọ RNA rẹ̀ di DNA, ni èròjà rẹ ń dì mú bíi ti nevirapine, tètè dán an wò lórí HIV tó ní K103N, ìyípadà kan nínú ẹ́ńsáìmù náà. Ìyípadà kan ṣoṣo yẹn ti tó láti sọ nevirapine àti efavirenz, oògùn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, di aláìlágbára. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ràn láti fi àyẹ̀wò yìí sí ìparí, lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán. Inú ń bí mi sí i títí di òní.

Fluorine tí o béèrè: má tíì fi síbì kankan. Ṣe MTT lọ́sẹ̀ yìí, kọ CC50 síbí, kí a jọ wo òrùka náà.