Sítíárìn Mi Ti Dẹ̀: Ṣé Mo Lè Tún Un Ṣe Nílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Toyota Corolla 2005 ni mo ń wà. Bí mo bá wọ kòtò, ó máa ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́sẹ̀ òsì níwájú. Sítíárìn náà ti dẹ̀, etí táyà sì ti jẹ. Máńkáníìkì kan ní òun á fi òòlù lu ball joint rẹ̀ (oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ mọ́tò) kó lè le. Owó tó pè ò pọ̀, àmọ́ mo ní jáàkì àti sípánà nílé. Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi? — Olùkàwé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má jẹ́ kó lù ú. Inú ni ball joint ti ń jẹ. Bí wọ́n bá lu ẹnu rẹ̀ pọ̀, á le fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó jẹ ò padà. Ọjọ́ tó bá yọ, ẹsẹ̀ mọ́tò á wó sábẹ́ lórí eré. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ń gbowó irú iṣẹ́ yẹn.

Kọ́kọ́ mọ èyí tó bàjẹ́. Gbé mọ́tò síbi tó tẹ́ tó sì le, fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Tí jáàkì bá ti gbé e, gbé e lé stand irin. Má fi búlọ́ọ̀kù ṣe stand o, ó máa ń fọ́ lójijì. Di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún, kó o mì í. Bó bá ń yẹ̀, tie rod end (oríkèé ìparí ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà) tàbí rack end (oríkèé inú ọ̀pá kan náà) ni. Di òkè àti ìsàlẹ̀ mú: bó bá yẹ̀ níbẹ̀, ball joint tàbí bẹ́ríìnì ni, gbé e lọ sí wọ́kúṣọ́ọ̀bù.

Tie rod end ni ọwọ́ rẹ ká. Kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì tó há a mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Yọ split pin (irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú), tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Má lu ẹnu bọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ irin tó gbà á sínú ni kó o lù gidi, á já fúnra rẹ̀. Bó o ṣe ń yí tie rod end náà jáde kúrò lára ọ̀pá, máa ka iye ìgbà tó yí, iye yẹn náà ni kó o yí tuntun wọlé. Tí ihò split pin ò bá bá ara wọn mu, fún nọ́ọ̀tì sí i, má dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Split pin tuntun ni kó o fi sí i.

Nípa rírà, mi ò bá ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀ jà. Àmọ́ ohun tó bá di ẹsẹ̀ mọ́tò mú, tuntun ni kó o rà. Wo rọ́bà tó bo gíríìsì rẹ̀ dáadáa: bó bá ti ya, iyanrìn àti omi á wọlé, á tún jẹ kíákíá.

Iye ìgbà tó o kà nígbà tó ò ń yí tie rod end yẹn, kó o lè wakọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn alálàímẹ́ǹtì (àwọn tó ń tún ìdúró táyà ṣe kó lè gún) ló wà fún. Lọ lọ́jọ́ náà gan-an, rọra sáré. Bí o kò bá lọ, táyà tuntun náà á jẹ létí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ rack end ló ń yẹ̀, kọ̀wé sí mi kó o tó tú u. Rọ́bà gígùn kan bò ó, ó sì nílò irinṣẹ́ tí kò sí nínú àpótí sípánà ilé.